Bàbá Alága Ń Kọ̀wé Lọ́wọ́

Ẹni tó bá ń ṣe búrẹ́dì tà, kò mọ adùn oorun ìdájí. Kí àkùkọ tó kọ, ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Oníbúrẹ́dì á ti po ìyẹ̀fun, á ti gé e, á ti tì í sínú ààrò. Ṣùgbọ́n àárọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àárọ̀ lásán. Ilé ẹ̀kọ́ ńlá tó wà lódìkejì afárá ló ní kó gbé búrẹ́dì wá fún oúnjẹ òwúrọ̀ àwọn ọmọ. Ìdánwò ni. Bí búrẹ́dì bá dé kí agogo ilé ẹ̀kọ́ tó lù, iṣẹ́ di tirẹ̀ títí ọdún á fi parí. Bí kò bá dé, ẹlòmíràn ti na ọrùn sílẹ̀ tó ń retí.

Òun àtìyàwó rẹ̀ to gbogbo tíréè sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó fọwọ́ ra ọwọ́, ó lọ ṣí géètì. Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú kan, tó ń dán bíi dígí, ló dábùú ẹnu géètì, àfi bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

"Ta ló ni èyí?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ṣé èmi ni mo bí i ni?"

"Ẹ fọn fèrè, kí olówó ẹ̀ jáde."

Oníbúrẹ́dì nawọ́ sí fèrè ọkọ̀, ó tún fà á padà. Òfin àdúgbò ni pé kílẹ̀ tó mọ́ kedere, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọn fèrè, kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ẹni tó bá lọ́rọ̀, kó gbé e sórí gúrúùpù àdúgbò. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣòfin náà, òun gan-an nawọ́ sókè, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Okùn téèyàn bá wọn yí, kò lè ní òun ò mọ bó ṣe yi tó.

Ó fa fóònù yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará àdúgbò. Ta ló ni ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tó dí géètì mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbé e kúrò kíákíá. Ilé ẹ̀kọ́ ń retí búrẹ́dì."

Àdúgbò ti jí. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dáhùn: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ìyàwó ńkọ́? Ẹ mà kú iṣẹ́ o." Aránṣọ tẹ̀ lé e: "Àárọ̀ á tutù fún gbogbo wa o." Atúnaagoṣe fi àdúrà tó gùn ju apá lọ ránṣẹ́, ó ya òdòdó yí i ká. Onígbàjámọ̀ wá béèrè pé, "Aláwọ̀ eérú àbí aláwọ̀ ojú ọ̀run? Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ká rí i."

Oníbúrẹ́dì ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́.

"Háà! Ọkọ̀ yìí mà wuni o!" Aránṣọ kọ ọ́ síbẹ̀. "Olúwa, èmi ló kàn."

"Àmín." "Àmín o." "Àmín, lágbára Ọlọ́run." Gbogbo ilé ń ṣe àmín.

"Ṣé àmín ni màá fi gbé búrẹ́dì?" Oníbúrẹ́dì ń kùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí tó le, ló bá rí i lókè ojú fóònù: *Alága ń kọ̀wé…*

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni gbogbo gúrúùpù pa lọ́lọ́.

Bàbá Alága ni àgbà àdúgbò, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé alájà tó wà ní ọ̀ọ́kán. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀. Lórí gúrúùpù, bó ṣe rí nìyí: bí fóònù bá ti ní Bàbá ń kọ̀wé, kálukú á ká ọwọ́ ẹ̀ kò. Bẹ́ẹ̀, ìka kan ṣoṣo ni Bàbá fi ń kọ̀wé, á máa wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

"Ẹ tún bi wọ́n," ìyàwó rẹ̀ ní.

"Bàbá ń kọ̀wé lọ́wọ́."

"Bàbá ló máa bá wa ru tíréè ni?"

Ọ̀rọ̀ *ń kọ̀wé* náà á hàn, á pa rẹ́, á tún hàn. Òógùn ń bọ́ lójú Oníbúrẹ́dì, ooru ń bọ́ lára búrẹ́dì. Fóònù dún. Alásè ilé ẹ̀kọ́ ni.

"Níbo lẹ dé?"

"Mo ti wà lọ́nà, mà."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó tòkè-tilẹ̀. Ọ̀nà wo? Ọ̀nà ẹnu géètì.

Oòrùn ti yọjú kí ọ̀rọ̀ Bàbá tó jáde. Bàbá kí àwọn tó sùn re, ó kí àwọn tí kò rí oorun sùn, ó kí Nọ́ọ̀sì tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó kí arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ó ní ọmọbìnrin òun ló gbé ọkọ̀ kan wá fún òun lánàá. Ó ní iyanrìn tí wọ́n dà síwájú ilé òun kò jẹ́ kí ọkọ̀ rí ibi dúró sí. Ó sọ bí orúnkún òun ṣe rí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló fi í sí: "Nítorí náà, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, èmi ni mo páàkì síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ nìyí lọ́wọ́ mi."

Kíá, ilẹ̀kùn ń ṣí lọ́tùn-ún lósì. Àgbà ti sọ̀rọ̀ tán, ẹnu gbogbo ayé ti dòmìnira. Onígbàjámọ̀ jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí mo ṣe rí fọ́tò yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá fún Bàbá lánàá ni."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ?"

"Bàbá ń kọ̀wé lọ́wọ́ kẹ̀! Ṣé kí n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà ni?"

"Èmi náà mọ̀," Nọ́ọ̀sì ní, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Èyí tó dun Oníbúrẹ́dì jù ni pé ká ní òun ni wọ́n, òun náà ì bá má sọ.

Bàbá Alága fi ọ̀pá dé, ó gbé ọkọ̀ kúrò, ó sì di ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù mú. "Gbé mi dání. Màá bá àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ náà sọ̀rọ̀."

Ta ló máa sọ fún un pé rárá? Oníbúrẹ́dì gbé e wọnú ọkọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ Bàbá kan, ó gbé ìkejì, ó ń fi eyín ha eyín.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, agogo ti lù, abọ́ tí àwọn ọmọ fi jẹun ti ga gelete. Alásè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́.

"Ọmọ mi," Bàbá bẹ̀rẹ̀, "mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí àwọn tó…"

"Bàbá, ẹ má bínú, ìkòkò mi wà lórí iná." Ó yíjú sí Oníbúrẹ́dì. "Mo ń gbóòórùn búrẹ́dì yín, ó dára. Ṣùgbọ́n ebi ọmọ kì í gbọ́ àlàyé. Ẹlòmíràn ti gbé tiẹ̀ wá, ọ̀gá sì ti fún un níṣẹ́."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ń padà bọ̀. Bàbá wú ikọ́. "Oníbúrẹ́dì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé…"

"Bàbá." Láti ìgbà tó ti dáyé, kò fi irú ohùn yẹn pe àgbà rí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

Ní ẹsẹ̀ afárá, níbi tí èrò ti ń rọ́ lọ síbi iṣẹ́, Oníbúrẹ́dì dá ọkọ̀ dúró. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fa tíréè síta. "Búrẹ́dì gbí…" Ó gbé ìyókù mì, torí búrẹ́dì ti tutù. Bàbá ti rọra sọ̀kalẹ̀, ó di ọkọ̀ mú, ó mú búrẹ́dì kan, ó gbé e sókè kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Búrẹ́dì rèé o!" Oníbúrẹ́dì pariwo. "Ẹ wá ra búrẹ́dì!"