Ọrùn Báríton Bàbá Mi

Ọdún méjì ni Mátyás bàbá mi fi gbẹ́ báríton kan, ohun èlò orin olókùn, fún olóyè àgbà kan nílùú Pozsony. Okùn mẹ́fà tí wọ́n fi ìfun àgùntàn ṣe wà níwájú rẹ̀, ọ̀pá onírun ẹṣin la fi ń ta wọ́n bí ẹni ń ta gòjé. Wáyà mẹ́wàá tún wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Bàbá mi gbẹ́ inú ọrùn náà kí àtàǹpàkò lè ráyè máa ta àwọn wáyà yìí bí orin iwájú bá ṣe ń lọ. Èmi ni mo so mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mọ́ ọn. Ìka mi ṣẹ̀jẹ̀.

Bàbá mi kú, olóyè náà sì kú tẹ̀lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti ọjà dé tèmi ti kábéèjì lábẹ́ apá, mo bá báríton náà lórí tábìlì iṣẹ́, wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀ bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa. Ignác ọkọ mi, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, mú ayùn dání. Bernát, alábòójútó ilé olóyè, jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ ápù.

"Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

"Olóyè tuntun ò fẹ́ báríton," Bernát dáhùn. "Ta ló kù tó ń ta á? Gòjé ńlá ló fẹ́. Ẹ gé ti ẹ̀yìn yẹn dànù, kí ẹ fi okùn tó nípọn síwájú."

"Ọ̀gá Bernát, bí wọ́n bá ní ẹsẹ̀ ẹṣin yín ti pọ̀ jù, ṣé ẹ máa gé méjì kúrò?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ignác, ta gan-an lọkọ nílé yìí?"

Ojú Ignác pọ́n. "Róza, wọ ilé ìdáná lọ."

Mi ò lọ. Mo ju kábéèjì sílẹ̀, mo tú báríton náà sílẹ̀, mo gbé e sáàárín orúnkún, mo ta orin ijó kan tí bàbá mi fẹ́ràn. Bernát dẹ́kun jíjẹ. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "Ó mà dùn o. Ẹ gé e."

"Ignác, ọrùn yẹn ṣófo. Okùn gòjé ńlá á ṣẹ́ ẹ."

"Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Bàbá mi ló kọ́ ẹ, aláìmoore!"

Ó gé e lójú mi.

Lọ́jọ́ kẹta, níṣojú Bernát, ó fa okùn tuntun le. Ọrùn náà ṣẹ́, pàà! Bernát pè é ní òpònú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú mi ò dùn rárá. Mo kó ìwé tí bàbá mi ya àwòrán iṣẹ́ náà sí, mo gba ilé àbúrò ìyá mi lọ ní Győr, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òmíràn. Ìbínú ni mo fi ń jí, òun ni mo fi ń fá igi.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán lọ́dún kejì, Ignác kan ilẹ̀kùn, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Róza, mo ṣẹ̀ ọ́."

"Mo mọ̀."

Mo bu ọbẹ̀ fún un, torí òtútù. Ó rí báríton tuntun lára ògiri, ó na ọwọ́ sí i.

"Fọwọ́ kàn án kí n rí ẹ."

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó jẹun tán, ó dìde, ó padà sí Pozsony. Mi ò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.