Ọmọ Méjì Tí Wàhábì Béèrè

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú ọkọ mi, Ràmọ́nù, lápá ọ̀tún, mo rò pé ẹsẹ̀ ni yóò dà á láàmú. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé e ṣánlẹ̀. Obìnrin kan ní ilé ìwòsàn ní kí wọ́n jẹ́ kí bàbá handicap yẹn, aláàbọ̀ ara, kọ́kọ́ wọlé. Àánú ló ṣe é, ẹnu rẹ̀ ni kò dáa. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi, ọ̀ta dráfù àdúgbò Bajulaiye, tí àwọn atẹ̀wé máa ń pa ẹ̀rọ torí kí wọ́n lè wò ó, ti kọjú sí ògiri. Ẹ̀rù bà mí pé àrùn náà ti kó ọpọlọ rẹ̀ lọ, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ bi í.

Dọlápọ̀, ọmọ wa tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Palmgrove, wá tù ú nínú. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn òyìnbó tó bá fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ ẹrù máa ń ti ọwọ́ bọ fìlà, tí onílàjà á sì rí i pé ẹnì kan ò rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Ọwọ́ nínú fìlà ló di handicap. Àwọn eléré ẹṣin wá gbà á lò: ẹṣin tó yára jù ni wọ́n ń di òjé mọ́, kí àwọn yòókù lè bá a sáré. Bàbá rẹ̀ ní òun kì í ṣe ẹṣin.

Nírọ̀lẹ́, Wàhábì tó ń gé bébà fún àwọn atẹ̀wé nísàlẹ̀ ilé wa gbé ọpọ́n dráfù wọlé. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí a sọ̀rọ̀ ẹṣin. Ó kí wa bí wọ́n ti ń kí ọ̀ta tó mọ̀ ọ́n ta àti ọ̀pẹ tí kò mọ̀ ọ́n ta nídìí ọpọ́n: "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó to ọmọ apá méjèèjì pé, ó ká ọwọ́ gbera. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ díẹ̀ nínú tirẹ̀, kó lè rọrùn fún aláìsàn. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ọmọ méjì tí ẹ máa ń yọ nínú tiyín kẹ́ ẹ tó bá mi ta ńkọ́? Àbí ẹ fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni?"

Ràmọ́nù yíjú kúrò lára ògiri. Ó pẹ́ kí ọwọ́ òsì rẹ̀ tó dé orí ọpọ́n, ó sì yọ ọmọ méjì tirẹ̀. Kí n tó gbé omi dé, ó ti jẹ mẹ́ta tẹ̀léra nínú ti Wàhábì. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé omijé bọ́ lójú mi. Mo ní kí wọ́n rọra ṣe, kó má baà rẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀ta ń jẹ́," ọkọ mi wí láìgbójú sókè, "ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn."

Mo gbé omi kalẹ̀, mo sì dákẹ́.