Ohun Tí Téèpù Kọ́kọ́ Rí

"Ẹ gbé e sókè síbi fèrèsé," Mojísọ́lá wí. "Ẹ wò ó dáadáa, Ìyá Mubarakah."

Ràbíátù nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìró kó tó gba fíìmù ẹ́síréè náà. Ó gbé e sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, ó wò ó títí. Ọ̀pá ẹ̀yìn Olúwadárasími ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí Mojísọ́lá bí, eegun funfun lórí dúdú láti ọrùn dé ìdí. Ó sọ̀kalẹ̀ tààrà láti ọrùn, ó dé ẹ̀yìn àyà, ó wá yà sí ọ̀tún bí ọ̀nà tó ń yẹra fún kòtò, kó tó ṣẹ́rí padà sí òsì níbi ìbàdí. Ràbíátù kò rí ẹ́síréè rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó rí yìí kò ṣàjèjì sí i.

Nítorí aṣọ funfun tí Dárasími yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù yóò gbé ọwọ́ lé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Mojísọ́lá ṣe wá. Ó ní kí Ràbíátù má tíì gé aṣọ náà, nítorí àwọn ò mọ̀ bóyá ilé tàbí ọsibítù lọmọ yóò wà lọ́jọ́ náà. Ó jókòó, ó wá ń tún gbogbo ohun tí dókítà sọ fún un sọ, ó ń fi ìka tọ́ka sí i lára fíìmù bí olùkọ́. Eegun méje ló wà ní ọrùn, àwọn ló ń jẹ́ ká lè mi orí. Méjìlá wà ní ẹ̀yìn àyà, eegun ìhà so mọ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn lọ́tùn-ún lósì. Márùn-ún tó nípọn wà ní ìbàdí, àwọn ló ń ru ẹrù. Márùn-ún mìíràn ti lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan nísàlẹ̀ wọn, mẹ́rin kéékèèké sì parí rẹ̀ ní góńgó ìdí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan ni Ràbíátù máa ń ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lórí tẹ̀súbà, kò mọ̀ pé iye tó ń kà náà ló wà lẹ́yìn òun.

Àwọn méjìlá ẹ̀yìn àyà ló tẹ̀ lára Dárasími. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ni wọ́n yí eegun ìhà dání, tí egungun èjìká ọ̀tún fi yọ síta. Dókítà ní ká ní wọ́n gbé ọmọ náà wá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni, bẹ́líìtì líle kan wà tí wọn ì bá so mọ́ ọn lára títí yóò fi dàgbà tán. Ní báyìí ó ti pẹ́ jù. Wọ́n máa la ẹ̀yìn rẹ̀ ni, wọn á fi irin sí i.

"Kí ni wọ́n ló fà á?" Ràbíátù béèrè.

"Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Wọ́n ní ó kàn máa ń yọ lára ọmọ tó bá ń ga kíákíá ni." Mojísọ́lá yí fíìmù náà ká bí ẹní. "Àmọ́ èmi mọ̀. Ìwẹ̀ tí ìyá ọkọ mi wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà ní ìkókó ni. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń fà á lápá, tí wọ́n ń gbé e kọ́ lẹ́sẹ̀. Mo ní kí wọ́n rọra, wọ́n ní ṣé èmi ni màá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ ni."

"Màmá ńkọ́, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní bóyá àwọn ni lóòótọ́. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wò ṣáá. Ọkọ mi á gbé wọn lọ sí Abẹ́òkúta ní Sátidé. Mi ò lè máa rí wọn nínú ilé yẹn mọ́, jàre."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí Ràbíátù ti la ẹnu. Ó ní Ọlọ́run á fún ọmọ náà ní àlàáfíà. Àdúrà kì í wúwo lẹ́nu ẹni tó ń sá fún ọ̀rọ̀.

Nígbà tí Mojísọ́lá lọ tán, ó fa ìwé ìwọ̀n rẹ̀ yọ lábẹ́ máṣíìnì. Ọdún méje ló ti ń ránṣọ fún Dárasími, kò sì sí aṣọ kan tó gé láìkọ́kọ́ wọn ọmọ náà. Ó ṣí ojú ewé rẹ̀. Lọ́wọ́ òsì ìwé náà, láti ìgbà tí ọmọ wà ní ọdún méje títí dé mẹ́wàá, èjìká méjèèjì dọ́gba. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ọdún kọkànlá, ó rí ìkọ̀wé ara rẹ̀: "Òsì fi ààbọ̀ íǹṣì rẹlẹ̀. Pádì." Ó mọ ohun tó tẹ̀ lé e, kò kà á.

Kì í ṣe ìkà ló ṣe é. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, àgàgà ojú aránṣọ. Oníbàárà tó bá bọ́ra níwájú rẹ ti fi àṣírí rẹ̀ sí ọ lọ́wọ́. Bò ó, kí o sì panu mọ́. Òfin yìí ni Ràbíátù fi bo ikùn àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà, òun ló fi bo ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, òun náà ló sì fi bo Dárasími, tó ń fi pádì, tìmùtìmù kékeré abẹ́ aṣọ, gbé èjìká tó rẹlẹ̀ sókè. Ó rò pé báàgì ilé ìwé ni ọmọ náà ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rò pé yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Bí Mojísọ́lá bá sì ti ń sọ pé kò sí aránṣọ tí aṣọ rẹ̀ ń jókòó lára ọmọ òun bíi ti Ìyá Mubarakah, inú rẹ̀ a máa dùn, a tún máa fi kún iṣẹ́ ìbòmọ́lẹ̀ náà. Ká sòótọ́, ìgbéraga wà níbẹ̀.

Ìwé náà yóò gba ìyá àgbà sílẹ̀, yóò sì mú òun fúnra rẹ̀. Ó rò ó bóyá kí òun ya ojú ewé òsì nìkan lọ. Ọmọ tí ìwẹ̀ ìkókó bá ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ kò ní dúró ṣánṣán títí di ọdún mẹ́wàá, ìyẹn nìkan ti tó láti dá Màmá láre. Ṣùgbọ́n Mojísọ́lá á béèrè ohun tó wà lójú ewé kejì, ìdí aránṣọ yòówù kó fi dákẹ́ kò sì ní dára létí ìyá. Ó pa ìwé dé. Ọjọ́bọ̀ kọjá, ọjọ́ Jímọ̀ kọjá, kò lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, kò lè mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán. Ó gbé ìwé náà sábẹ́ híjáàbù, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé Mojísọ́lá ní Gowon Estate.

Búùtù ọkọ̀ ti ṣí sílẹ̀ nígbà tó débẹ̀. Màmá Ṣóbọ̀wálé, ìyá ọkọ Mojísọ́lá, jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, báàgì méjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Dárasími sì dúró tì í, ó di ọwọ́ ìyá àgbà mú. Ràbíátù kúnlẹ̀ kí Màmá. Kò dìde mọ́. Ibẹ̀ ni Mojísọ́lá jáde bá a.

"Kì í ṣe ìwẹ̀," Ràbíátù wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí."

Mojísọ́lá ka ojú ewé òsì, ó tún un kà. Ojú rẹ̀ yí sí ìyá ọkọ rẹ̀, kò dúró síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí ojú ewé ọ̀tún, ó sì ń kà á jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Òsì fi ààbọ̀ íǹṣì rẹlẹ̀. Pádì. Íǹṣì kan. Pádì méjì, fẹ ẹ̀yìn ọ̀tún. Íǹṣì kan ààbọ̀. Fi fírílì bò ó." Ó gbé ojú sókè. "Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ ti rí i láti ọdún mẹ́ta."

"Mo rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo rò pé mò ń bò yín láṣìírí ni."

Dárasími ló sọ̀rọ̀, kò sì gbóhùn sókè. "Mọ́mì, ẹ máa ń gbá mi lẹ́yìn pé kí n dúró dáadáa. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró."

Mojísọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Lẹ́nu ọ̀nà yìí, obìnrin méjì ló ń wá ẹbọ náà.

Màmá tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú Ràbíátù. "Aránṣọ, ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Ó dá mi lójú, mà. Kì í ṣe ọwọ́ yín."

Ìyá àgbà bú sẹ́kún. Mojísọ́lá kò bẹ̀bẹ̀, bóyá ẹ̀bẹ̀ náà tóbi ju ohun tó lè jáde lẹ́nu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lọ. Ó gbé báàgì méjèèjì, ó kó wọn padà sínú yàrá Màmá, ó ní kí ọkọ òun lọ pa búùtù dé. Nígbà tó padà jáde, ó ya ojú ewé méjèèjì ní fọ́tò sórí fóònù, ó ní dókítà á fẹ́ mọ bó ṣe ń tẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Ó wá ń ṣí ìwé náà lọ síwájú, ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi dúró.

"Ta ni Títílọpẹ́?"

Ràbíátù wo ohun tó kọ síbẹ̀. Oṣù tó kọjá ló kọ ọ́. Òsì fi kọ́tà íǹṣì rẹlẹ̀. Pádì tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ni. Ìdímù nilé wọn."

"Ṣé ìyá rẹ̀ mọ̀?"

"Kò tíì mọ̀."

Mojísọ́lá pa ìwé náà dé, ó fi lé e lọ́wọ́. "Mi ò tíì lè bá yín sọ̀rọ̀, Ìyá Mubarakah. Mi ò mọ ìgbà tí màá lè bá yín sọ ọ́. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sí Ìdímù."

Ó lọ. Fóònù rẹ̀ ń dún lójú ọ̀nà, àwọn oníbàárà Sátidé tó ti bá ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní títì ló ń pè. Kò gbé e. Ìyá Títílọpẹ́ ń sá aṣọ nígbà tó débẹ̀, ó sì fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀, ó ní ṣé ó ti rán aṣọ ọmọ òun tán ni.

"Rárá," Ràbíátù wí. "Ẹ pe ọmọ náà wá. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún yín lóṣù tó kọjá."