Ẹja Tó Jó Lórí Ààrò Ìyá Sabina

Iṣẹ́ gígé fíìmù àti títò ó pọ̀ ni Sabina fi ń jẹun, nínú yàrá kan ní Ladi-Lak. Kò kọ́ ọ nílé ìwé. Ó ń gé e, ó ń bà á jẹ́, ó ń tún un gé, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ yẹn, Gbádégẹṣin, ọ̀gá tó ni fíìmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wá wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì fajú ro.

"Kò ní ẹ̀mí, Sabina. Kò wọ inú òkùnkùn ọkàn ẹni."

"Ọ̀gá, ẹ sọ ọ́ kó yé mi. Ṣé àyà yín já àbí kò já?"

"Kò já."

"Ó ti yé mi báyìí."

Ó fún un di ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá yí padà, ẹlòmíràn ní Onípanu ni yóò gbé gbogbo iṣẹ́ náà fún.

Obìnrin kan ló tọjà dé nínú fíìmù náà, tó ń gé ilá ní kíṣìnnì. Ọkùnrin kan sì ti sá pamọ́ sínú yàrá rẹ̀. Sabina ti da orin bò ó látòkèdélẹ̀, ó ti sán ààrá sí i, àwòrán ń lé ara wọn wéréwéré. Ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sétí ọ̀sà ní Bàrígà, níbi tí ìyá rẹ̀ àti Ìyá Japhet ti ń yan ẹja. Àwọn méjèèjì ń wò ó, wọ́n ń yí ẹja, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ìyàwó pásítọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà fò jáde, Ìyá Japhet yí ẹja mìíràn.

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù kí ni?" ni Ìyá Japhet dáhùn. "Orin yẹn ti ń pariwo pé ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Olè wo ló ń lùlù wọlé?"

Inú bí Sabina, ó pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dé. Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Ọkọ̀ Ezekiel, àbúrò bàbá rẹ̀, ń ti orí omi bọ̀. Etí gbogbo wọn ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kà á sí. Lójijì, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ọkọ̀ kò sì tíì dé èbúté.

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ dúró lókè pẹ̀lú ẹja kan. Omi ni wọ́n ń wò. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ àjẹ̀, tí Ezekiel ń wa ọkọ̀ bọ̀, tó ń ṣépè fún epo tó tán.

"Wèrè," ni ìyá Sabina wí, ó wá yí ẹja rẹ̀.

Sabina padà sílé, ó yọ orin, ó yọ ààrá. Ó wá àwòrán kan tó ti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ jáde: sílípáàsì ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó fi í síwájú, kí àwọn tó ń wò ó mọ ohun tí obìnrin náà kò mọ̀. Ó fi ariwo jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ ilá tó ń gé. Níbi tí obìnrin náà ti gbé ọ̀bẹ sókè, ó pa jẹnẹrétọ̀. Ó wá jẹ́ kí ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ yẹn pẹ́ lójú àwòrán. Ó ń ṣe Sabina bíi kó gé àwòrán náà. Ó ti ọwọ́ ara rẹ̀ bọ abẹ́ itan. Lẹ́yìn náà ló tún fi ẹnu ọ̀nà hàn. Sílípáàsì kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní kí Gbádégẹṣin wá bá òun nídìí ààrò ìyá òun.

"Orin dà?" ni Gbádégẹṣin bi í, bí fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ dákẹ́ jàre!" ni Ìyá Japhet dáhùn.

Jẹnẹrétọ̀ inú fíìmù kú. Ọ̀bẹ dúró. Ẹnu ọ̀nà ṣófo.

"Má lọ síbẹ̀ o," ni ìyá Sabina rọra sọ fún obìnrin inú fíìmù. Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó lọ.

Èéfín ààrò ti yí padà, ó ti ń ta wọ́n nímú. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn.

"Yéè! Ẹja mi!"

Gbogbo ẹja orí wáyà ti dúdú bí èédú. Ìyá Sabina ń ṣépè nítorí owó ẹja rẹ̀ tó ṣègbé, ó ń fẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí wáyà jó. "Pa nǹkan burúkú yẹn!"

"Má pa á o," ni Ìyá Japhet wí. "Ṣé obìnrin yẹn ti rí olè náà?"

Gbádégẹṣin la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ńlá. Sabina wò ó. Ọ̀gá náà pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Àyà mi já," ló wí. "Máa gé ìyókù."

Ó mú ẹja jíjó kan, ó ní kí wọ́n bá òun dì í.