Dókítà Kárọ́ọ̀tì àti Ikùn Bàbá

Ọjọ́ tí àbúrò Aránṣọ kó ẹ̀rọ wọ ilé bàbá wọn, Aránṣọ kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ ni. Ọ̀kan ń fún omi jáde lára èso. Ọ̀kan ń lọ ẹ̀pà di wàrà. Òmíràn ń gé kùkúńbà sí tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Èyí tó tóbi jù jẹ́ àpótí onífèrèsé tó ń fẹ́ atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sára oúnjẹ títí oúnjẹ náà yóò fi gbẹ háúháú. Ẹni tó bá béèrè ohun tí oòrùn ọ̀fẹ́ tó ń ràn níta ṣe, kó yáa wá àga jókòó, nítorí àlàyé tó máa gbọ́ kò ní tán bọ̀rọ̀.

Àbúrò rẹ̀ yìí ò ní iṣẹ́ kan tó tọ́jọ́ rí. Ó ti ta lọ́fínńdà, ó ti ta fóònù. Ó tiẹ̀ háyà gbọ̀ngàn rí láti kọ́ àwọn èèyàn bí wọn yóò ṣe di ọlọ́rọ̀, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn délé lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, ó ti di oníwàásù oúnjẹ tútù. Ó ní ohunkóhun tí iná bá ti fọwọ́ kàn ti di òkú, ẹni tó bá sì ń jẹ òkú, òkú ló ń dà. Dókítà Kárọ́ọ̀tì ni Aránṣọ sọ ọ́, kò sì pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò bínú. Ó tilẹ̀ fẹ́ràn "dókítà" tó wà níbẹ̀.

Awakọ̀ àjàgbé ni bàbá wọn kó tó fẹ̀yìn tì. Òun nìkan ló ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, Ṣùmékà tó ń tún bàtà ṣe sì wà nísàlẹ̀, lẹ́nu àtẹ̀gùn. Bàbá ní ìtọ̀ ṣúgà. Láràárọ̀ ni Aránṣọ ń yà kí i kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Á gbé kúlà oúnjẹ kalẹ̀, á da hóró oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá, á sì dúró lórí rẹ̀ títí yóò fi gbé e mì. Bó ṣe ń tọ́jú Bàbá kò yàtọ̀ sí bó ṣe ń rán aṣọ: ibi tó bá ti fa ìlà sí ni kí aṣọ gbà, kí aṣọ má sì wí nǹkan kan.

Nígbà tí onílé lé Dókítà Kárọ́ọ̀tì jáde, ó ní òun ń bọ̀ wá tọ́jú Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Kó tó sùn mọ́jú kan, ó ti gbé ẹ̀rọ tí ń fún èso gorí sítóòfù gáàsì, ibi tí iná ti máa ń jó gan-an, ó ní sítóòfù náà ti rí iṣẹ́ gidi ṣe wàyí. Ó to ìgò sójú fèrèsé, ẹ̀wà ń hù nínú wọn. Ó tẹ́ ègé tòmátò sínú àpótí, ó ní bó bá di ọ̀la, búrẹ́dì ni yóò dà.

Aránṣọ gbé kúlà dání, ó wo kíṣìnnì náà láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ dáhùn ìbéèrè kan péré," ni Dókítà Kárọ́ọ̀tì wí. "Ṣé ẹ ti rí ewúrẹ́ tó ń dáná rí?"

"Rárá. N ò sì tíì rí ewúrẹ́ tó pé àádọ́rin ọdún."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìfun wọn ti dọ̀tí. Àfi ká fọ̀ ọ́. Omi kábéèjì, atalẹ̀, aáyù díẹ̀. Ká sì dá oògùn yẹn dúró, torí òun gan-an ló ń mú wọn ṣàìsàn."

"Ìtọ̀ ṣúgà ń bẹ lára èèyàn, ìfun ni ìwọ fẹ́ fọ̀! A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Fọwọ́ kan oògùn yẹn, kí n fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu rẹ pọ̀."

Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ̀rù ń bà á. Ó mọ̀ pé Bàbá fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì mọ̀ pé bí Bàbá bá fi lè gbọ́ tirẹ̀ kó pa oògùn tì, ẹ̀mí rẹ̀ lè bá a lọ. Ó yíjú sí Bàbá.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi, Bàbá? Ẹ ò gbọdọ̀ fi oògùn yín ṣeré."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

"Ẹ sì máa jẹ oúnjẹ tí mo gbé wá."

"Màá jẹ ẹ́, ọmọ mi. Màá jẹ ẹ́ tán."

Dókítà Kárọ́ọ̀tì na ife omi kan tó ní àwọ̀ ewé tútù sí i. Bàbá gbà á, ó di imú, ó mu ún. Ó ní ó dára gan-an ni. Ojú rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ilé Bàbá wá di ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó wá ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọkùnrin yìí á jókòó yíká pálọ̀, Dókítà á máa ki kárọ́ọ̀tì fún wọn bí ẹni ń ki ọba, Bàbá á jókòó sí igun kan tí wọn á máa nawọ́ sí i pé ẹ wo bí ara wọn ṣe ń dán. Wọ́n ní ẹnu dùn ún ròfọ́. Dókítà yìí ò tilẹ̀ dúró rò ó, ó ti ń jẹ ẹ́ ní tútù. Aránṣọ a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n, á pòṣé, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó máa dáni láṣọ, tọrùn rẹ̀ là ń wò, Aránṣọ náà ló sì ń gba ìbàdí ṣòkòtò Dókítà wọlé. Ó ti gbà á wọlé débi tí àpò ẹ̀yìn méjèèjì fi fẹ́ fẹnu konu.

Nígbà tó yá, Bàbá náà gbé ṣòkòtò tirẹ̀ wá.

Aránṣọ fi téèpù wọn ìbàdí Bàbá, ó tún wọ̀n ọ́n: Bàbá ti rù gan-an. Ọ̀rọ̀ náà ò yé e. Kúlà tó ń gbé lọ ń padà wá ní òfìfo lójoojúmọ́, wọ́n tilẹ̀ ń fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, Bàbá tí kò fọ abọ́ rí láyé rẹ̀. Oògùn, ojú rẹ̀ ló ń gbé e mì. Ó wá fi gbogbo rẹ̀ lé omi ewé lórí: òun ló ń ṣan oúnjẹ gidi jáde kúrò lára bàbá òun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ìrẹsì kún kúlà dẹ́nu, ó tún ń fi ẹyin sí i. Bó ti ń fi kún un ni Bàbá ń rù sí i.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí máa bẹ́, Aránṣọ ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ṣùmékà ni.

"Àǹtí, ẹ máa bọ̀ o! Bàbá ti ṣubú sí ṣọ́ọ̀bù mi! Wọ́n ń làágùn, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń pè mí ní orúkọ ìyá yín!"

Bó ṣe débẹ̀, wọ́n ti gbé Bàbá sẹ́yìn ọkọ̀ aládùúgbò kan. Dókítà Kárọ́ọ̀tì di orí rẹ̀ mú, Aránṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, Ṣùmékà wà níwájú tòun ti lẹ́ẹ̀ tó fi ń lẹ bàtà lọ́wọ́. Títí tí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, orí ọkùnrin tó ń kú lọ yìí ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń jà.

"Ewé rẹ ti pa á! O ti pa bàbá mi!"

"Oògùn tí ẹ ń fún wọn tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń jà nínú wọn! Mo ti sọ ọ́!"

Nọ́ọ̀sì gún ìka Bàbá, ó wo ohun èlò ọwọ́ rẹ̀, ó sì sáré fi omi ṣúgà sí i lápá. Nígbà tí gbígbọ̀n náà rọlẹ̀, ó kọjú sí wọn.

"Ṣúgà ara wọn ló lọ sílẹ̀ pátápátá. Kí ni wọ́n jẹ lónìí?"

"Ìrẹsì, ọbẹ̀ àti ẹyin," ni Aránṣọ wí. "Èmi ni mo gbé e lọ."

"Irọ́ ni," ni Dókítà Kárọ́ọ̀tì wí. "Omi kábéèjì nìkan ni wọ́n mu. Bàbá ò jẹ òkú oúnjẹ mọ́."

Ṣùmékà wúkọ́. Ó wo lẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé lẹ́ẹ̀ ni yóò bá a sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìrẹsì yẹn, èmi ni mo ń jẹ ẹ́. Bàbá ló máa ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá fún mi láràárọ̀, wọ́n ní àwọn ti ṣèlérí fún ọmọkùnrin wọn, àwọn ò sì fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn bínú. Wọ́n ní kí n sáà bá àwọn fọ kúlà." Ó yíjú sí Aránṣọ. "Ẹyin yẹn dùn o, Àǹtí."

"Oògùn ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Wọ́n ti dá a dúró," ni Dókítà wí. "Wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún mi."

"Ta ló dá a dúró? Lójú mi báyìí ni wọ́n gbé e mì láàárọ̀ yìí!"

Nọ́ọ̀sì wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Obìnrin náà kò gbé ohùn sókè rárá.

"Ẹ ń fún wọn ní oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, ẹ ò sì jẹ́ kí nǹkan kan wà nínú wọn tó máa fà. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe é."

Dókítà Kárọ́ọ̀tì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìfun, ṣùgbọ́n ó kàn fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ojú ti Aránṣọ débi pé kò lè wo Ṣùmékà. Òun tó ń fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ oògùn, kò fi ìgbà kan jókòó ti Bàbá kó rí i pé ó fi oúnjẹ kan ẹnu. Ó ń gbé kúlà kalẹ̀ ni, ó ń pàṣẹ, ó ń lọ.

Bàbá lajú. Ìtìjú náà ò sì pẹ́ lára wọn rárá.

"Bàbá, ọ̀dọ̀ mi lẹ ń bọ̀ láti òní lọ," ni Aránṣọ wí. "Èmi ni màá máa fi ṣíbí bọ́ yín."

"Bàbá, a máa fi èso dábínù díẹ̀ kún omi kábéèjì. Ìyẹn ló kù tí a ò ṣe."

"Dábínù bàbá ta ni? Ìwọ ò ní í kú sí..."

"Ẹ dákẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó sún mọ́ ibùsùn náà. "Bàbá, ẹ̀yin gan-an, kí lẹ fẹ́ máa jẹ?"

Bàbá wo ọmọbìnrin rẹ̀. Ó wo ọmọkùnrin rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ní kí àwọn ọmọ mi bọ́ síta."

Wọ́n jáde. Ṣùmékà náà dìde, ó fẹ́ tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ tí Bàbá ní kó jókòó. Nọ́ọ̀sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ wọn lójú. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò dúró lára ògiri, wọn ò wo ara wọn. Láti inú lọ́hùn-ún, wọ́n ń gbọ́ ohùn bàbá wọn. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ láìdúró, Ṣùmékà ń rẹ́rìn-ín, Aránṣọ sì wá ọkàn rẹ̀ títí, kò rántí ìgbà tí Bàbá bá òun sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.