Ìyálé Sìgá àti Ìyàwó Tí Wọ́n Ń Ṣáàjì

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ mi, ẹ dá ayùn yẹn dúró ná, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá kan fún yín. Kì í ṣe àlá òru o. Lánàá, lẹ́yìn tí mo jẹ ẹ̀bà ọ̀sán tán, mo kàn ní kí n na ẹ̀yìn díẹ̀ lórí àga gbọọrọ, ni oorun bá gbé mi lọ.

Ẹ kúkú mọ wàhálà tó wà nílẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa sọ ọmọ Bọ́látitó, àkọ́bí mi, lórúkọ. Bọ́látitó sì ti búra pé ẹni tó bá ń rùn fún sìgá kò ní fọwọ́ kan ọmọ òun, ì báà ṣe bàbá òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra sìgá tí wọ́n ń ṣáàjì bíi fóònù, pé òun ni n ó fi jáwọ́ nínú èyí tí wọ́n ń ṣáná sí.

Lójú àlá, wọ́n ní n kò lè gbé ọmọ àfi bí mo bá gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, kó hàn pé èmi àti sìgá ti pínyà. Kóòtù náà ń léfòó lókè lórí èéfín, mo fi àkàbà tí mo kàn fúnra mi gùn ún. Èéfín ẹnu mi gan-an ló gbé e dúró. Bí mo bá sinmi, á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, akọ̀wé á ní, ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ fà á díẹ̀ sí i, àwọn fáìlì ti ń yọ̀ bọ́. Mo ń fà á, inú mi ń dùn pé mo wúlò.

Wọ́n pe ẹjọ́ wa. Páálí sìgá jáde tòun ti gèlè, ó kúnlẹ̀. Ó ní òun ni ìyálé, ọdún mẹ́rìnlélógún rèé, kò sí àárọ̀ tí mo jí tí kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ fẹnu kàn. Sìgá oníṣáàjì tẹ̀lé e, ó ń rùn bíi máńgòrò, iná ìdí rẹ̀ ń ṣẹ́jú bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní torí kí ìyálé lè jáde ni wọ́n ṣe fẹ́ òun wá, àmọ́ òun dé ilé, òun bá ìyálé nínú yàrá.

Adájọ́ wò mí. "Èwo lo ti kọ̀ sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?"

Mo ní, "Kò tíì sí, Olúwa mi. Èyí ni mo ń fà ní pálọ̀, ìyẹn ni mo ń fà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù."

"O ò tíì jáwọ́ nìyẹn," ni adájọ́ wí. "Ìyàwó lo fẹ́ lé ìyàwó."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara, torí òótọ́ ni. Kí n tó bẹ̀ ẹ́, adájọ́ ti di ewúrẹ́. Mo kí i kú oríire, mo ní kó jọ̀ọ́, kó fọwọ́ sí ìwé mi. Ó ní pátákò òun kò lè di bírò mú mọ́, ó bá jẹ ìwé náà. Ọmọ Bọ́látitó, tó jókòó láàárín àwọn ẹlẹ́rìí, dìde, ó ní, "Bàbá àgbà, mo fẹ́ kí ẹ gbé mi. Òórùn yín ló ṣáájú yín dé."

Ojú tì mí. N kò fa nǹkan kan mọ́. Kóòtù bá ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ó fi gúnlẹ̀ sórí àga tí mo sùn sí, mo sì lajú.

Ewúrẹ́ aládùúgbò wa ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fa páálí sìgá mi yọ nínú àpò ẹ̀wù tí mo fi kọ́ sórí okùn, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ gbúre. Ìyá Bọ́látitó ní kí n lé e. Mo ní kó jẹ́ kí adájọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, mo sì rọ́ àlá náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá béèrè pé èyí tó ń ṣáàjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńkọ́.

Mo dìde, mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo nà án sí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ yìí, tó ti jẹ bàtà rọ́bà mi rí, gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò. Ohun tí ewúrẹ́ kọ̀, ṣé òun ni n ó fi sẹ́nu lọ kí àlejò ọlọ́jọ́ mẹ́jọ? Mo fi í lé Ìyá Bọ́látitó lọ́wọ́, mo lọ bu omi láti fọ ẹnu.