Bọ́ọ̀lù tí Màmá Ta Òróró Sí

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Láti kékeré ni Ìwàlẹwà ti ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu bàbá rẹ̀, òun náà sì ti pa á fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ yẹn, nígbà tí bọ́ọ̀lù tuntun náà yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì yí wọ abẹ́ àga, díẹ̀ ló kù kó gbàgbé òwe náà pátápátá.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á jáde. Ó tún yọ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sí imú, ó gbóòórùn òróró ólífì. Ara bọ́ọ̀lù náà ń dán yinrin láti òkè dé ilẹ̀, bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tí wọ́n sì fi àdí pa.

"Màmá," ó pè, "ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yìí?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ jáde láti yàrá. Ìgò òróró àdúrà kékeré ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rín sì wà lójú wọn.

"Èmi ni, Àníkẹ́," ni wọ́n wí. Oríkì rẹ̀ ni wọ́n máa ń pè é bí inú wọn bá dùn. "Mo ti bá ọ ṣe é."

"Ẹ ti bá mi ṣe kí ni, mà?"

"Mo ti yà á sí mímọ́. Mo gbàdúrà lé e lórí títí ẹnu fi gbẹ mí. Kò sí ọmọ Òṣogbo kankan tí yóò rí i gbà lọ́wọ́ yín lọ́la. Àti pé awọ ni, awọ kì í fẹ́ gbígbẹ. Ṣé o rí Bíbélì bàbá Ọlọ́rundáre ọkọ rẹ? Oṣooṣù ni mò ń fi òróró pa ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìgbà ayé wọn. Kò sán, kò ya."

Ìwàlẹwà gbé bọ́ọ̀lù náà sórí tábìlì, ó sì dì í mú kó má baà tún yí lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ikọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan láti Òṣogbo ń bọ̀ wá bá àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Ìsọ̀kun ní Iléṣà, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Ìwàlẹwà ti jẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá. Ikọ̀ tó bá borí ni yóò ṣojú ìpínlẹ̀ ní Ìbàdàn. Òfin ìdíje náà sì ni pé ẹni tó gba àlejò ló ń pèsè bọ́ọ̀lù. Rẹfirí á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá kọ̀ ọ́, tí kò sì sí òmíràn, àwọn àlejò ti borí láìgbá nǹkankan nìyẹn. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo yòókù tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní, rọ́bà ni, ó ti họ, ó sì wú ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Wọ́n ti kọ̀ ọ́ rí.

Ìdí nìyẹn tí Ìwàlẹwà fi lọ sí Òṣogbo ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, sí ṣọ́ọ̀bù Abdulhameed tó ń ta ohun èlò eré ní Òkè-Fíà. Awọ gidi ni Abdulhameed kọ́kọ́ gbé fún un.

"Ojúlówó nìyí, Àǹtí."

"Ti inú gbọ̀ngàn nìyẹn. Kọnkéré ni pápá tiwa. Kó tó pẹ́, á ti họ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ fún mi ní awọ àtọwọ́dá tó lè gba ìyà ìta. Nọ́ńbà mẹ́fà ni o, ti obìnrin. Ẹ má gbé méje fún mi, ti ọkùnrin nìyẹn, ọwọ́ àwọn ọmọ mi kò ká a."

Ó fi ìka tọ ojú rírán kọ̀ọ̀kan bóyá ó là. Ó fọwọ́ pa kókó wẹ́wẹ́ ara rẹ̀, èyí tí ìka ń rí dì mú. Ó yí i, ó jù ú sókè, ó ń wò ó bóyá ó ń ṣe gbọ̀ngbọ̀n lójú òfuurufú. Ó gbé e dé èjìká, ó jẹ́ kó já bọ́, ó wò ó bóyá yóò fò padà dé ìbàdí. Èyí fò jù, ìyẹn kò fò tó, òmíràn ń yà sí ẹ̀gbẹ́.

"Àǹtí, bọ́ọ̀lù lẹ wá rà ni, àbí ìyàwó lẹ wá fẹ́ fún ọmọ yín?"

"Ọ̀kan náà ni. Ẹni tí kò bá yẹ̀dí wò kó tó gbé e, yóò gbé e padà."

Abdulhameed rẹ́rìn-ín títí, ó sì wọ ẹ̀yìn lọ mú ọ̀kan tó kù wá. Òun ni Ìwàlẹwà gbé wálé. Òun náà ló ń dán lórí tábìlì yìí.

Ọ̀rọ̀ kan ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dára, ó sì mú. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbójú sókè, ó rí i pé ẹ̀rín ti kúrò lójú Màmá.

"Ṣé mo bà á jẹ́ ni?"

Kò pẹ́ tí wọ́n sin Bàbá ní Ifẹ̀wàrà tí Ọlọ́rundáre fi mú ìyá rẹ̀ wá sí Iléṣà. Láti ìgbà náà, bí Màmá bá mú ìgbálẹ̀, Ọlọ́rundáre àti Ìwàlẹwà á gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí Màmá bá ní àwọn fẹ́ fọ abọ́, àwọn méjèèjì á ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n sinmi. Obìnrin tó ti ń sá kòkó, tó ń dà á, tó ń kó o láti ìgbà èwe, ó wá di ẹni tó ń jókòó wo ògiri. Ìwàlẹwà rántí èyí, ó sì gbé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mì.

"Ó ń yọ̀ ni, mà. Bó bá ń yọ̀ báyìí, ọwọ́ àwọn ọmọ kò ní lè dì í mú. Rẹfirí pàápàá kò ní gbà á."

Màmá na ọwọ́ gbà á. Ó yọ̀ lọ́wọ́ àwọn náà, ó ta bọ́ sílẹ̀, ó sì fò lọ sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n jókòó.

"Mo gbé e dé," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ó yẹ kí Ọlọ́rundáre jẹ́ kí n padà sí ulé mi ní Ifẹ̀wàrà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde lójijì. "Jẹ́ kí n po omi ọṣẹ. N ó fọ̀ ọ́ nù, n ó sì sá a bó bá di àárọ̀. Oòrùn á gbẹ ẹ́."

"Rárá, mà. Oòrùn á mú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wú, á sì sán an lára. Omi púpọ̀ náà, kò fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí n pe ẹni tó tà á."

Ó pe Abdulhameed, ó sì ṣí fóònù náà síta kí Màmá lè gbọ́. Ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ dín bọ́ọ̀lù ni?"

"Sọ fún un pé èmi ni mo dín in," ni Màmá wí.

"Háà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà." Ohùn Abdulhameed ti yí padà. "Nọ́ńbà mẹ́fà ti tán lọ́wọ́ mi o, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ínṣà Allāhù. Ẹ má fi pẹtiróòlù kàn án, ẹ má fi ọṣẹ líle kàn án. Ìgbà wo lẹ ta òróró náà sí i?"

"Kò pẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni," Màmá dáhùn.

"Ó ṣì wà lójú awọ nìyẹn. Ẹ wá ohun tó lè fa òróró mu kó tó wọlé. Èmi ò mọ ohun tó wà nílé yín, ṣùgbọ́n ẹ tètè wá a."

Nígbà tó pa fóònù, Ìwàlẹwà ń wo Màmá, Màmá náà ń wò ó.

"Ohun tó ń fa òróró mu," ni Màmá ń sọ lábẹ́ ètè. "Bí epo bá ta sí aṣọ òkè ẹni lójú ọ̀nà, kí là ń dà sí i?"

"Páúdà," ni Ìwàlẹwà dáhùn. Ìyá tirẹ̀ náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé kò wá sí òun lọ́kàn.

Màmá ti wọ yàrá. Agolo páúdà tí wọ́n ń fi sọ́rùn nítorí ooru ni wọ́n gbé jáde, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

"Màmá, ti ọrùn yín ńkọ́?"

"Ọrùn mi kò ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́la."

Wọ́n tẹ́ aṣọ gbígbẹ sórí tábìlì. Ìwàlẹwà kọ́kọ́ fi àkísà rírọ̀ nu èyí tó pọ̀ jù kúrò, lẹ́yìn náà ni Màmá gbọn páúdà sí i títí ó fi funfun báláú. Ìwàlẹwà mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, ó ń fi í tọ ojú rírán. Màmá ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á yíká, wọ́rọ́wọ́rọ́, bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ kó lè sùn. Páúdà náà ń ki pọ̀, ó ń di pẹ̀tẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n nù, wọ́n ń da òmíràn sí i. Kò pẹ́ tí ohùn Màmá fi gbéra, ohùn tí Ìwàlẹwà kò tíì gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé ilé náà:

"Òbìrípo ọmọ aláwọ,
A-lulẹ̀-má-sùn-síbẹ̀,
Wọ́n gbá ọ mọ́lẹ̀, o tún gbéra ńlẹ̀,
Afẹ́fẹ́ ni ìfun rẹ, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ibùsùn rẹ,
Má yọ̀ mọ́ ọmọ Ọwá lọ́wọ́,
Ẹni tó yàn ọ́ láàárín ẹgbẹ́ kò ní kábàámọ̀ rẹ."

Ìwàlẹwà bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, bọ́ọ̀lù lẹ̀ ń kì?"

"Kí ló dé tí n kò fi ní kì í? Ohun tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ tó tún dìde, ẹgbẹ́ mi ni."

Ẹ̀rín náà dúró lẹ́nu Ìwàlẹwà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó funfun lé ọwọ́ Màmá tó funfun, ó sì fi í síbẹ̀ díẹ̀ kó tó tún mú búrọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n fi páúdà sílẹ̀ lára bọ́ọ̀lù náà di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìwàlẹwà fi aṣọ tó rẹ sómi tó sì fún gbẹ nù ún, ó fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e, ó sì gbé e sí ojú fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà, níbi tí oòrùn kò ti dé. Bí wọ́n ti jẹun tán, ó gbé e, ó dúró síwájú Màmá.

"Ẹ gbà á mú, mà."

Ó jù ú. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì hán an ní iwájú àyà. Kò yọ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n tún fún un mọ́wọ́.

"Ó dì mọ́ mi lọ́wọ́," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run, o ṣeun."

Ní pápá, àwọn ọmọ Òṣogbo ti dé, wọ́n ti ń na ara. Màmá pe àwọn ọmọ Ìwàlẹwà jọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n sì ròyìn òróró àti páúdà fún wọn. Wọn kò mú ìgò dání. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ń gbàdúrà: "Ìwọ tí o dá ìka, má jẹ́ kí ìka wọn tàsé. Ìwọ tí o gbé wọn jáde, kó wọn padà fún ìyá wọn láìfarapa." Ràṣídátù, ọmọ gíga tó jẹ́ olórí ikọ̀, ló ṣe àmín tó lọ sókè jù.

Rẹfirí Ọdúntán kì í rẹ́rìn-ín, gbogbo olùkọ́ eré ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ó gba bọ́ọ̀lù náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e dé èjìká, ó jẹ́ kó já bọ́, bọ́ọ̀lù náà sì fò dé ìbàdí rẹ̀ géérégé. Ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Lẹ́yìn náà ló gbé e sún mọ́ imú. Ìwàlẹwà kò mí.

"Ta ló bímọ nínú yín?" ni Ọdúntán béèrè. "Bọ́ọ̀lù yìí ń rùn bí ọmọ ìkókó."

"Bọ́ọ̀lù gan-an la bí, sà," ni Ràṣídátù dáhùn. "Ìyá àgbà ibẹ̀ yẹn ló gbẹ̀bí."

Gbogbo ojú yí sí Màmá lábẹ́ máńgòrò. Ohun kan tó jọ ẹ̀rín rìn kọjá létè Ọdúntán, kò sì pẹ́ tó fi parẹ́. Ó fẹ́ fèrè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ikọ̀ Òṣogbo kì í ṣe ikọ̀ ẹ̀rín. Wọ́n jọ ń lé ara wọn ni títí ó fi ku díẹ̀ kó tán, tí ẹnìkan ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn wá bá Ràṣídátù, jíjù líle tí ì bá ti yọ̀ lọ bó bá jẹ́ ti àná. Ó dì í mú gírígírí, ó yípo, ó sọ ọ́ sáwọ̀n. Góòlù yẹn ni àwọn ọmọ Ìwàlẹwà fi borí. Ìwàlẹwà kò fò sókè bí àwọn ọmọ. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì jẹ́ kí èémí tó ti ń dì mú láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ jáde.

Nígbà tí wọ́n délé, ó gbé bọ́ọ̀lù náà sórí tábìlì, gbogbo ara rẹ̀ kún fún eruku. Màmá dúró lókèèrè, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"N ò fọwọ́ kàn án o," ni wọ́n wí.

Ìwàlẹwà wọ yàrá. Ó mú póńpù jáde àti abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó mú aṣọ rírọ̀ kan, ó mú àpò tí bọ́ọ̀lù náà yóò máa sùn sí. Ó kó gbogbo rẹ̀ sí iwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Màmá, àwọn ọmọ kì í rántí nù ún lẹ́yìn eré. Èmi náà máa ń gbàgbé, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á sì ti lọ kí n tó mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa bá mi tọ́jú rẹ̀."